Òdòdó Kajú Ni, Kì í Ṣe Ikọ́ Ife

Bí imú bá ń yún yín bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, tí omi ń já bọ́ lójú yín, tí ẹ sì ń sọ fún ara yín pé kátà lásán ni, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi pè é ní kátà lásán, kátà lásán náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín o. Inú ló ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, nítorí ẹ óò gbọ́ ọ nínú gbogbo ohun tí mo bá kọ síbí.

Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Isuada, ṣùgbọ́n inú ìlú Ọ̀wọ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Bàbá Tọ́lá ni gbogbo èèyàn ń pe ọkọ mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ń gbé ní Arimogija, níbi tí oko kajú ìdílé wọn wà. Ìyá yìí àti ọkọ wọn tó ti di olóògbé ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbin igi kajú wọ̀nyẹn, òun ni wọ́n sì fi rán ọkọ mi ní ilé ìwé títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kajú ní àìdáa lójú wọn.

Ìyún ló fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe imú nìkan, ó dé àjà ẹnu, ó dé inú etí, ó dé ibi tí èèyàn kò lè ki ọwọ́ bọ̀ láti họ ọ́. Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni. Mo máa ń sín tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá léra wọn nínú kíláàsì, àwọn ọmọ á sì máa bá mi kà á lábẹ́lẹ̀, "mẹ́fà, méje, mẹ́jọ," títí mo fi máa ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tí èmi náà á bú sẹ́rìn-ín. Igi kajú bíi mẹ́fà wà lẹ́yìn kíláàsì náà, wọ́n ti yọ òdòdó, òórùn wọn dùn bí oyin. N kò ronú kàn wọ́n. Ta ló ń ronú kan òdòdó kajú? Ọmọ kajú àti èso rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò.

Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi dà mí láàmú. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó sì lọ. Mo dúpẹ́, mo gbàgbé. Ní ọdún kejì, kò dúró de oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, a kò tíì ṣe Kérésì tí imú mi ti dí. Ó sì tún mú nǹkan mìíràn dání: tí mo bá gun òkè díẹ̀, àyà mi á fún, èémí tí mo bá fẹ́ mí jáde á há sí ọ̀nà, á wá máa dún fée, fée. Ní ọdún kẹta, oṣù Bélú ló dé, Ọdún Àjíǹde sì bá a nílé. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ojú ọjọ́. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé òjò máa dá, ọyẹ́ máa dé, kajú á wá yọ òdòdó! Mò ń kọ ọ́ sójú pátákó lọ́jọ́ kan, ni ọmọbìnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè. "Mà, òjò ń rọ̀ lórí òdòdó kajú báyìí." Lóòótọ́, ó ń rọ̀. Mo ní kí ó jókòó.

Ọ̀gá ilé ìwé wa kò tilẹ̀ gbà pé ara mi kò yá. Ó ní, "Ìyá Tọ́lá, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ìgbà kajú nìkan ni àìsàn tiyín máa ń dé." Gbogbo yàrá àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé ìdílé ọkọ mi ní oko ní Arimogija, wọ́n ti pinnu pé mò ń purọ́ àìsàn kí n lè lọ ṣa kajú. Ó fún mi ní kúẹ́rì. Èmi tí mi ò lè tẹ̀ ba láti so bàtà láìdúró mí, èmi ni wọ́n ní mò ń ṣa kajú! Mo jókòó kọ èsì kúẹ́rì náà, omi imú ń kán sórí ìwé.

Nílé, oògùn pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ìyá ọkọ mi fi àdí ránṣẹ́, wọ́n fi orógbó ránṣẹ́, wọ́n fi oyin ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbé omi àdúrà wá, ó ní ẹni kan níbi iṣẹ́ mi ló ń fẹ́ ipò mi. Ipò wo? Mo mu gbogbo rẹ̀, nítorí tí mo bá kọ̀, wọ́n á ní olùkọ́ ti gbọ́n jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Bí o bá sàn, oògùn wọn ló ṣiṣẹ́. Bí o kò bá sàn, ìwọ ni o kò lò ó bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ tí mo lọ sí ilé ìwòsàn, nígbà tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa mọ́ ni. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ nígbà tí èmi àti Bàbá Tọ́lá débẹ̀, èrò ti kún. A tò fún káàdì, a tò fún ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, a tún tò láti rí dókítà. Ẹni tó wà níwájú mi bi mí pé kí ló ń ṣe mí, mo ní kátà, ó bojú wò mí bíi pé mo wá fi àkókò ṣòfò. Nígbà tó kàn mí, ọ̀sán ti pọ́n. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà, ará apá Ọ̀yọ́ ni, ó sì ní sùúrù. Ó gbé ohun èlò rẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ní kí n mí. Ó tún gbé e sí ibòmíràn.

Ó ní, "Mà, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Ikọ́ fée ni. Kì í ràn, kì í sì í ṣe ẹnì kankan ló fi ṣe yín. Ohun kan ló wà nínú afẹ́fẹ́ tí ara yín ń bá jà. Ìgbà wo ló máa ń pọ̀ jù?"

Mo sọ fún un. Ó béèrè ohun tó ń yọ òdòdó ní àyíká mi nígbà náà, mo ní kajú ni, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa so wọ́n pọ̀. Ó ṣàlàyé pé lẹ́búlẹ́bú kan wà nínú òdòdó, èyí tí atẹ́gùn ń gbé kiri, pé ẹlòmíràn á fà á símú láìmọ̀, ara ẹlòmíràn á sì kọ̀ ọ́. Ó ní eruku ọyẹ́ àti èéfín igbó jíjó náà ń dá kún un. Mo bi í bóyá ojú ọjọ́ tó ń yí padà ló fà á tó fi ń pẹ́ sí i lọ́dọọdún. Ó mi orí. "N kò lè búra fún yín, mà. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tí wọ́n máa ń wá nígbà ọyẹ́, wọ́n ti ń wá kí ọyẹ́ tó dé, wọn kì í sì í tètè lọ mọ́." Ó kọ inéélà fún mi, èyí tí a ń fín sẹ́nu, ó fi bí mo ṣe máa fà á hàn mí, ó ní kí ó máa wà lápò mi nígbà gbogbo, kí n sì jìnnà sí òdòdó náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Mo jáde sí ọ̀dọ̀ ọkọ mi, èémí mi kò tíì balẹ̀. Ó ní kí ni wọ́n sọ. Mo ní, "Ikọ́... fée." Ìyá rẹ̀ ti ń pè é láti àárọ̀, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ ló gbé fóònù sétí. "Ìyá, wọ́n ní ikọ́ fe..." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já. Nígbà tó padà, igbe ni a gbọ́, gbogbo àwọn tó tò láti rí dókítà ló gbọ́ ọ: "Ukọ́ ife! Mo gbé o! Ukọ́ ife!" Bí a ṣe ń pe ikọ́ ní Ọ̀wọ̀ nìyẹn, ukọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ikọ́ ife ni èyí tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, tó ń ràn, tí wọ́n ń polongo lórí rédíò pé kí a wá ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ikọ́ fée ni tèmi, ohùn tó ń dún láyà ló fún un lórúkọ. Fáwẹ́lì kan péré ló wà láàárín wọn. Ó yẹ kí n gba fóònù náà kí n tún un sọ níbẹ̀ yẹn. Ó ti rẹ̀ mí, ebi ń pa mí, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní a máa ṣàlàyé tó bá yá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá tún sọ lọ́jọ́ kìíní, ó ti dé ọjà kí ẹ tó jí lọ́jọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá wá kí wa láti Arimogija. Wọ́n ra ife ike aláwọ̀ ewé kan dání, wọ́n gbé e síwájú mi. "Ìyàwó, tìrẹ nìyí. Má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ fẹnu kàn án." Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe ikọ́ ife. Fée ni." Wọ́n ní ṣé inú ife kọ́ ni ukọ́ ife ń gbà wọ inú èèyàn ni, tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo lọ kúnlẹ̀ fún Ara Olúwa, wọ́dìnì ìjọ wa rọra fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí àwọn yòókù kọ́kọ́ mu nínú ife ná. Gbogbo ìlà ló gbọ́. Mo dìde, mo jáde, mo sunkún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì bí ọmọ kékeré. Ojú tì mí nítorí àìsàn tí mi ò ní.

Bàbá Tọ́lá, kí n sọ òtítọ́, kò gbà pé ikọ́ ife ni. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ti sọ fún un pé inéélà máa ń di bárakú, pé ẹni tó bá fà á lónìí kò ní lè mí láìsí i lọ́la. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. "Ìgbà tó bá le gan-an la máa lò ó." Ìgbà tó bá le gan-an! Nígbà tí Ìyá wá sọ pé láyé àtijọ́, ẹni tó bá ní ukọ́ ife, oko ni wọ́n ń gbé e lọ, kí afẹ́fẹ́ tó mọ́ lè fẹ́ sí i, ọkọ mi ní àbá náà kò burú.

Mo ní, "Bàbá Tọ́lá, dókítà ní òdòdó ni."

Ó ní, "Òdòdó? Ìyá Tọ́lá, òdòdó wo ló ń pa èèyàn?"

Ìyá ní, "Kajú mi mà ni ó ń sọ. Ukọ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nì. Kó dìde kúrò nínú èéfín Ọ̀ghọ̀ yìí, kó ká lọ ulé." Ọ̀ghọ̀ ni wọ́n ń pe Ọ̀wọ̀, wọ́n sì ń pe ilé ní ulé.

Mo lọ. Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ títí di òní nìyẹn, pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ. Ó rẹ̀ mí láti máa bá wọn jiyàn. Mo tún rò ó pé ìparí oṣù Èrèlè ni a wà, pé òdòdó yóò ti re dànù, pé èso ni a máa bá lórí igi. Ìmọ̀ olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn.

Òdòdó ni a bá. Òjò kan ti rọ̀ ní àìròtẹ́lẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ó ti sọ òdòdó àkọ́kọ́ di dúdú, igi náà sì ti tún òmíràn yọ, ó kún bámúbámú dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá fúnra wọn dúró wò ó, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn. "Kajú kò mọ oṣù mọ́," ni wọ́n wí. Inú wọn bàjẹ́, nítorí èso kò ní pọ̀ lọ́dún yẹn. Abẹ́ igi tó pọ̀ jù ni wọ́n tẹ́ ẹní mi sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Tí èèyàn bá fẹ́ pa mí lọ́jọ́ yẹn, kò ní rí ibi tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kìíní, mo sín. Ọjọ́ kejì, ojú mi wú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo jí, mo fẹ́ mí, èémí kò wá. Kì í ṣe pé ó dùn mí o, kò kàn wá ni. Mo di ẹ̀ka igi mú, mo fa èjìká sókè, díẹ̀ bíńtín wọlé, kò sì fẹ́ jáde. Ìyá sáré gbé àdí wá, wọ́n fi ń pa mí láyà, wọ́n ń pe orúkọ mi, orúkọ àbísọ mi tí wọn kò pè rí láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ìgbà tí mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn ni mo mọ̀ pé mò ń kú lọ. Tọ́lá ni mo rò. Mo rò pé ta ni yóò máa dì í nírun.

Ọlọ́kadà kan tó wá ra epo pupa lábà ló gbé wa. Wọ́n fi mí sí àárín, Ìyá jókòó lẹ́yìn, wọ́n di èmi àti ọlọ́kadà mú pọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ibùdó ìlera kékeré kan ni ó gbé wa lọ. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ará Èkìtì, kò sì sí iná. Ó kàn wo bí mo ṣe ń mí, kò béèrè káàdì. Ó mú ike omi kan, ó fi abẹ gé ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹnu inéélà, ó ki inéélà ibùdó náà bọ ibẹ̀, ó fi ẹnu ike náà sí mi lẹ́nu. "Ẹ fà á. Ẹ rọra. Ẹ tún fà á." Ó fín in, ó dúró, ó tún fín in. N kò lè sọ iye ìgbà. Ó ṣe díẹ̀, nǹkan kan já nínú àyà mi, afẹ́fẹ́ wọlé. Mo sunkún. Ẹni tí èémí kò sé rí kò lè mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe dùn tó.

Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé inéélà tèmi dà. Ìyá ní ukọ́ ife ló ń ṣe mí, pé oko ni àwọn gbé mi wá gba afẹ́fẹ́. Ó wò wọ́n. Kò bínú sí wọn, ó ní, "Ìyá, ẹ súnmọ́ ibí." Ó fi etí wọn lé mi lẹ́yìn.

"Ẹ gbọ́ kí ló ń wí?"

Ìyá fetí sílẹ̀ pẹ́. "Fée," ni wọ́n wí. "Fée, fée."

"Ó ti fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀ fún yín. Kò sí ife nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òdòdó orí yín yẹn ni." Ó sì fọwọ́ mú èyí tó há sí gèlè wọn jáde.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, "Kajú tí mo fi tọ́ ọkọ rẹ ló ń pa ọ́?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." N kò mú ọ̀rọ̀ náà rọ̀ rárá. Agbára àti máa mú ọ̀rọ̀ rọ̀ ti tán nínú mi.

Báyìí, ara mi le dé ìwọ̀n. Inéélà méjì ni mò ń lò, ọ̀kan ní àràárọ̀ bóyá ó ń ṣe mí tàbí kò ṣe mí, èkejì ń bẹ lápò mi, ó wọ́n, mo sì ń rà á. Kò di bárakú. Bí ó bá tilẹ̀ di bárakú, oúnjẹ ńkọ́? Bàbá Tọ́lá fúnra rẹ̀ ló ń rán mi létí báyìí. Nígbà òdòdó, inú ilé ni mò ń sá aṣọ sí, mo ń bo imú mi tí mo bá ń lọ sí Isuada, wọ́n sì ti gbé mi lọ sí kíláàsì tó jìnnà sí igi kajú wọ̀nyẹn. Mo ṣì ń sín. Ẹnì kan ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ní ilé ìwòsàn, ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ àìsàn náà sílẹ̀ fún yín, kí ẹ kà á sókè létí gbogbo ilé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti inéélà yín mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá ní afẹ́fẹ́ ibì kan mọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń yọ òdòdó níbẹ̀.

Èyí tí mi ò mọ bí mo ṣe máa gbà yín nímọ̀ràn lé lórí ni àkókò. Dókítà ní kí n múra sílẹ̀ kí òdòdó tó dé. Ìgbà wo ló ń dé? Mo ti ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa fi pẹ́ńsù kọ àwọn oṣù kajú sínú ìwé wọn, kí ó lè ṣeé pa rẹ́. Kò sí ọ́fíìsì tí mo lè kọ kúẹ́rì sí fún ojú ọjọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá pè mí lórí fóònù, wọn kò kí mi tán kí wọ́n tó sọ ọ́.

"Ìyàwó, ó ti yọ òdòdó o."

Mo ní, "Kí ló yọ òdòdó, Ìyá?"

"Kajú ni. Igi mẹ́ta tó wà lẹ́bàá ulé. Má wá o. Bí mo bá ní kí o wá, má dá mi lóhùn."

Oṣù Owewe, oṣù kẹsàn-án, ni a wà. Òjò ń rọ̀ níta nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Mo dìde, mo ti gbogbo fèrèsé, mo jókòó, mo sì fa èémí kan wò. Ó wọlé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀.